Owó Orí Titun: Ta Ni Ó Fúyẹ́ Fún, Ta Ni Ó Wúwo Fún?

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026 tí òfin owó orí titun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ méjì ni a ń gbọ́ ní ìgboro. Àwọn kan ń wí pé ìjọba ti gbé ẹrù kúrò lórí tálákà pátápátá. Àwọn mìíràn ń wí pé irọ́ ni, pé ìjọba kàn fẹ́ mọ iye owó tí ó wà ní àpò olúkúlùkù ni, kí ó baà lè kó o. Àwa ti fi ara balẹ̀ ka ohun tí òfin náà wí, èyí tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fi ọwọ́ sí ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2025, a sì mú ìwé àti gègé, a ṣe ìṣirò. A rí i pé àwọn tí ń yọ̀ ní ìdí tí wọ́n fi ń yọ̀, àwọn tí ń kùn náà kò sì kùn lásán, nítorí pé òfin kan ṣoṣo yìí kò gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọ ilé gbogbo wa.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo bí ìṣirò náà ti rí. ₦800,000 àkọ́kọ́ tí ènìyàn bá rí ní ọdún kan, yálà owó iṣẹ́ ni tàbí èrè òwò, kò ní owó orí nínú rárá. Lórí ₦2,200,000 tí ó tẹ̀lé e, ₦15 ni a ó san lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan. Lórí ₦9,000,000 tí ó tún tẹ̀lé ìyẹn, ₦18. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń gòkè lọ sí ₦21 àti ₦23, títí a ó fi kan ẹni tí owó rẹ̀ ju ₦50,000,000 lọ, tí yóò san ₦25 lórí ₦100 nínú èyí tí ó lé. Ní abẹ́ òfin àtijọ́, ₦7 ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, a kì í sì í kọjá ₦24. Ṣùgbọ́n kí á tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò nígbà náà, a ó ti kọ́kọ́ yọ ó kéré tán ₦200,000 sọ́tọ̀ fún ẹni náà, a ó sì yọ ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo owó rẹ̀ pẹ̀lú. Èyí tí ó bá kù ni a ń bu owó orí lé.

Ìyọkúrò yẹn ni òfin titun ti pa rẹ́. Ohun tí ó fi rọ́pò rẹ̀ ni owó ilé. Ẹni tí ó bá ń gbé ilé onílé, tí ó sì lè fi ìwé hàn pé òun ń sanwó, a ó yọ ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé náà fún un, bí kò bá ti ju ₦500,000 lọ. Ẹ kíyèsí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀nà ti yà fún ọ̀pọ̀ ìdílé.

Ká ní akọ̀wé mẹ́ta ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan náà ní Ìbàdàn, tí olúkúlùkù wọn ń gba ₦250,000 lóṣù, èyíinì ni ₦3,000,000 lọ́dún. A fi owó ìfẹ̀yìntì àti àwọn ìyọkúrò kéékèèké mìíràn sí apá kan kí ìṣirò má baà lọ́. Ní abẹ́ òfin àtijọ́, ₦350,000 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ń san lọ́dún. Ní báyìí, ọ̀kan nínú wọn ń gbé ilé tí ń gba ₦600,000, onílé rẹ̀ sì ń kọ rìsíìtì fún un. A yọ ₦120,000 fún un, owó orí rẹ̀ wá di ₦312,000. Ẹnì kejì ń san iye kan náà fún onílé tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ sí ọwọ́ ni wọ́n ń ṣe é. Onílé á ka owó, á wí pé ó pé, ó di ẹ̀ẹ̀míìn. Kò sí ìwé kankan, nítorí náà kò sí ìyọkúrò: ₦330,000 ni yóò san. Ẹnì kẹta ń gbé ní agboolé bàbá rẹ̀. Kò san owó ilé fún ẹnikẹ́ni, òun náà yóò san ₦330,000. Kò sí ẹni tí kò jèrè nínú wọn, a gbà bẹ́ẹ̀; ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní ìwé lọ́wọ́ jèrè ₦38,000, àwọn méjì yòókù jèrè ₦20,000 péré.

Ti ẹni tí ń gbé agboolé yìí ni ó jọ wá lójú jù. Ẹni tí kò gbé agboolé rí ni ó lè rò pé ọ̀fẹ́ ni. Bí òjò bá gbé páànù, ta ni àwọn ẹ̀gbọ́n ń wò lójú bí kò ṣe ẹni tí ń gba owó oṣù? Bí kànga bá gbẹ, bí ògiri ẹ̀yìnkùlé bá wó, bí àwọn àgbà bá pe ìpàdé ẹbí tí wọ́n sì dá owó fún olúkúlùkù, ti akọ̀wé ni ó máa ń pọ̀ jù. Ó lè jẹ́ pé ohun tí ó ń ná lórí ilé náà láàárín ọdún mẹ́ta tó owó ilé tí ẹnìkejì rẹ̀ ń san. Òfin kò mọ èyí. Ó mọ owó ilé, kò mọ owó páànù.

Bákan náà ni ti ẹni tí ó kọ́ ilé tirẹ̀. Òfin fi àyè sílẹ̀ pé bí ènìyàn bá yá owó láti kọ́ ilé tí òun tìkára rẹ̀ ń gbé, kí á yọ èlé orí gbèsè náà kúrò kí á tó ṣírò owó orí rẹ̀. Ohun rere ni èyí fún ẹni tí báǹkì lè yá lówó. Ṣùgbọ́n báwo ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń kọ́ ilé? Ọdún yìí a ra ilẹ̀, ọdún tí ń bọ̀ a ju ìpìlẹ̀, a dá àjọ, a gba èésú, a ra búlọ́ọ̀kù igba, a dúró. Ọdún mẹ́wàá lè kọjá kí á tó kó wọlé. Kò sí èlé nínú irú ilé kíkọ́ bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe sùúrù, kò sì sí ibi tí a ń kọ sùúrù sí nínú ìwé owó orí.

Ní ti rìsíìtì, a mọ ìdí tí onílé mìíràn kò fi ní í fẹ́ kọ ọ́. Ìwé tí ó bá ran ayálégbé lọ́wọ́ ni yóò fi han agbowó orí pé onílé gba owó. A kò lè purọ́ pé ẹ̀rù náà kò ní ìdí. Ẹni tí ó ní ilé alájà mẹ́ta ní Èkó, tí ó sì ń gba mílíọ̀nù lọ́nà púpọ̀ lọ́dún, ó yẹ kí ó san owó orí lórí rẹ̀, kò sì sí ohun tí a fẹ́ bá a wí sí i. Ṣùgbọ́n ìyá àgbàlagbà kan tí ọkọ rẹ̀ fi yàrá mẹ́rin sílẹ̀ fún, tí yàrá kọ̀ọ̀kan ń mú ₦150,000 wá lọ́dún, tí kò sì ní owó mìíràn, ₦600,000 ni gbogbo ohun tí ń wọlé fún un. Kò tó ₦800,000. Kò jẹ ìjọba ní kọ́bọ̀ nínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ kọ rìsíìtì ogún. Kí àwọn ọmọ irú ìyá bẹ́ẹ̀ ṣe àlàyé èyí fún un, kí ó má baà tìtorí ẹ̀rù tí kò nídìí du ayálégbé rẹ̀ ní ẹ̀tọ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀ràn mìíràn tí àwọn ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ sọ, bẹ́ẹ̀ ni àwa kà á sí èyí tí ó tóbi jù. Òfin yìí ń wo ẹni tí ń gba owó, kò wo iye ẹnu tí ń jẹ ẹ́. Ká mú ilé méjì tí ó kọjú sí ara wọn. Nínú ilé kìíní, ọkọ ń gba ₦70,000 lóṣù, ìyàwó náà ń gba ₦70,000, èyí tí í ṣe owó oṣù tí ó kéré jù lọ gẹ́gẹ́ bí òfin ọdún 2024 ti fi lélẹ̀. Owó wọn ní àpapọ̀ jẹ́ ₦1,680,000 lọ́dún. Òfin titun wí pé ẹni tí ń gba owó oṣù tí ó kéré jù lọ kò gbọdọ̀ san owó orí lórí rẹ̀, nítorí náà ilé yìí kò san ohunkóhun. Nínú ilé kejì, ọkọ nìkan ni ń ṣiṣẹ́, ó ń gba ₦140,000 lóṣù. Ìyàwó rẹ̀ wà nílé pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin àti ìyá ọkọ tí ojú ń dùn. ₦1,680,000 kan náà ni ó ń wọ ilé yìí lọ́dún. Ká tilẹ̀ ní ó ń san owó ilé ₦300,000, tí ó sì ní rìsíìtì, owó orí rẹ̀ yóò jẹ́ ₦123,000. Owó kan náà ni ó wọ ilé méjèèjì, èyí tí ẹnu pọ̀ sí nínú wọn sì ni ó ń san.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó ti rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà kan wà tí òfin owó orí máa ń yọ ₦2,500 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan títí dé ọmọ mẹ́rin, tí ó sì ń yọ ₦2,000 lórí ìbátan tí ènìyàn ń bọ́, títí dé ẹni méjì. Owó náà ti di yẹpẹrẹ nígbà tí náírà rẹ̀ sílẹ̀, a sì ti pa ìyọkúrò náà rẹ́ kí òfin titun yìí tó dé. Síbẹ̀, ẹni tí ó kọ ọ́ sínú òfin nígbà náà mọ̀ pé ọmọ wà nínú ilé, ó sì mọ̀ pé ìyá arúgbó wà nínú ilé. Ṣé kò yẹ kí á béèrè pé kí wọ́n dá a padà ní iye tí ó bá ìgbà mu? Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ń gba owó oṣù ni owó ìfẹ̀yìntì bàbá rẹ̀, òun ni owó ilé-ẹ̀kọ́ àbúrò rẹ̀. Bí òfin bá ń ṣe bí ẹni pé òun nìkan ni ó ń jẹ owó náà, òfin kò mọ̀ ọ́n.

Àwọn ọlọ́lá kò ní í bínú bí a bá sọ tiwọn ní ṣókí. Ẹni tí ń gba mílíọ̀nù kan lóṣù, òun náà jèrè díẹ̀: láti ₦2,048,000 lọ́dún sí ₦1,950,000, kí á tó ka owó ilé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń gba ₦2,500,000 lóṣù yóò san ₦5,830,000 níbi tí ó ti ń san ₦5,480,000 tẹ́lẹ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀ lójú tiwa.

Owó orí ọjà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní VAT, kò yí padà kúrò ní ₦7.50 lórí ₦100 tí ó wà láti oṣù kejì ọdún 2020. Kò sí lórí àwọn oúnjẹ pàtàkì, kò sí lórí oògùn, ìwé àti owó ilé-ẹ̀kọ́; owó ilé gbígbé àti owó ọkọ̀ èrò náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí àwọn ìyàwó ilé má retí pé iye ìrẹsì yóò tìtorí èyí já wálẹ̀, nítorí pé púpọ̀ nínú wọn ni kò ní owó orí náà nínú tẹ́lẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ titun ni pé ẹni tí ń ṣe irú oúnjẹ tàbí oògùn bẹ́ẹ̀ lè gba owó orí tí ó ti san lórí ohun èlò rẹ̀ padà lọ́wọ́ ìjọba. Bí ó bá gbà á padà, bóyá ó lè dín iye ọjà rẹ̀ kù. Bóyá ni a wí.

A wá dé ọjà wàyí, níbi tí kò sí owó oṣù, tí kò sì sí ọ̀gá tí ń yọ owó orí kí owó tó dé ọwọ́. Ohun kìíní tí a fẹ́ kí àwọn olówò mọ̀ ni pé èrè ni òfin ń bu owó orí lé, kì í ṣe ọjà títà. Obìnrin tí ó ta ata àti tòmátì mílíọ̀nù ogún náírà láàárín ọdún lè má jèrè tó mílíọ̀nù kan, bí a bá yọ owó tí ó fi ra ọjà, owó ọkọ̀ láti òkè ọya, àwọn èyí tí ó bàjẹ́ nínú apẹ̀rẹ̀, àti owó aláàárù. Bí èrè rẹ̀ kò bá ju ₦800,000 lọ, kò ní owó orí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ́rìí sí i? Níbi tí kò bá sí ìwé ìṣirò, òfin fún agbowó orí láṣẹ láti fi ojú díwọ̀n owó tí oníṣòwò yóò san, gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí ìjọba bá là sílẹ̀. Ìwé kékeré tí ọmọ iléèwé ń lò, tí a bá ń kọ ohun tí a rà àti ohun tí a tà sínú rẹ̀ ní alaalẹ́, ó sàn púpọ̀ ju kí á gbé ara wa lé ojú ẹlòmíràn lọ.

Ohun kejì ni tíkẹ́ẹ̀tì. Òfin ọdún 1998 tí ó pín oríṣìíríṣìí owó tí ìjọba kọ̀ọ̀kan lè gbà fi owó ọjà, owó ṣọ́ọ̀bù àti owó gáréèjì sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. ₦800,000 tí a ń yọ̀ sí kò kan tíkẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí. Bí ó bá jẹ́ ₦200 péré ni ìyá ọlọ́sàn ń san lójúmọ́, tí ó sì jáde lọ sí ọjà fún ọjọ́ 300 nínú ọdún, ₦60,000 ni ó ti san. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo iye yìí: ₦60,000 gan-an ni owó orí ọdún kan fún òṣìṣẹ́ tí ń gba ₦100,000 lóṣù tí kò san owó ilé. A wí pé ìyá ọlọ́sàn kò san owó orí, ó sì ń san iye tí akọ̀wé ń san. Ẹni tí ń ta àpò ìrẹsì ọgọ́rùn-ún lójúmọ́ ní ìsọ̀ kejì sì lè gba irú tíkẹ́ẹ̀tì kan náà.

Orúkọ tí a ń pe owó yìí fúnra rẹ̀ ń sọ ìtàn. Owó orí: orí ni wọ́n ń kà nígbà àtijọ́. Ní Abẹ́òkúta láti ọdún 1918, ọkùnrin ń san ṣílè márùn-ún, èyíinì ni ọ̀kẹ́ kan ní ìṣirò owó ẹyọ; obìnrin ń san ṣílè méjì àbọ̀ lọ́tọ̀, kò sì sí ohun tí ó kan ẹnikẹ́ni bí ọjà rẹ̀ tà tàbí kò tà. Ọmọdébìnrin tí ó pé ọdún 15 ti di ẹni tí ń san. Gbogbo wa ni a mọ ibi tí ó já sí: ní ìparí ọdún 1947 àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, tí Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú wọn, lọ jókòó sí iwájú ààfin; ní ọjọ́ 3 oṣù kìíní ọdún 1949 Aláké Adémọ́lá Kejì fi oyè sílẹ̀, owó orí àwọn obìnrin sì dáwọ́ dúró. Ní Èkó ní ọdún 1940, ìjọba fẹ́ kí obìnrin tí ń rí ju £50 lọ lọ́dún máa san. Ìyá Alimotu Pelewura àti àwọn obìnrin ọjà kọ̀ jálẹ̀, wọ́n sì gbé e sókè di £200. Ní ọdún 1968 sí 1969 àwọn àgbẹ̀ tí a ń pè ní Agbẹ́kọ̀yà wí pé àwọn kò ní san ju ọgbọ̀n ṣílè lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní ọ̀kẹ́ mẹ́fà, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì ṣòfò kí ọ̀rọ̀ náà tó yanjú. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, kì í ṣe pé àwọn ènìyàn wa kò fẹ́ san. Ohun tí wọ́n ń bínú sí ni pé a ń ka orí wọn láì wo ọwọ́ wọn.

Òfin ọdún 2026 kò ka orí mọ́, ọwọ́ ni ó ń wò, a sì gbọ́dọ̀ yìn ín fún ìyẹn. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjà ni ó ṣẹ́kù tí ó ṣì ń ka orí. Nítorí náà ni a fi ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n kọ iye tí ó tọ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan san sára pátákó, kí wọ́n gbé e kọ́ sí ẹnu ọ̀nà ọjà àti gáréèjì, gẹ́gẹ́ bí ọjà ti tóbi tó, kí ìyá ọlọ́sàn àti alágbàtà ìrẹsì má ṣe wà lójú kan náà. Kí àwọn Ìyálọ́jà sì máa béèrè fún rìsíìtì tí ó ní orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ àti nọ́ńbà lára.

Ní ti ẹ̀yin ayálégbé, rìsíìtì tí yóò ṣe yín láǹfààní ni èyí tí ó ní orúkọ onílé àti tiyín, ibi tí ilé wà, iye owó, àti ọjọ́ tí a san án. Ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ lé akọ̀wé owó lọ́wọ́ ní ibi iṣẹ́ yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ ti ara yín, ẹ tọ́jú rẹ̀ mọ́ ìwé ìṣirò yín, èyí tí ó gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ àwọn agbowó orí ìpínlẹ̀ kí ó tó di òpin oṣù kẹta ọdún tí ó tẹ̀lé e.